Dígí Tó Wà ní Gábàsì

Ohun àkọ́kọ́ tí dísáínà máa ṣe nígbà tó bá wọ ilé rẹ ni pé á mí kanlẹ̀. Tèmi dúró sí àárín pálọ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó wo àga, ó wo kọ́tìnì, ó wo ibi tí ọmọ mi obìnrin ti ya ohun kan tó ní ewúrẹ́ ni sára ògiri, ó wá mí bí ẹni tó wá kí wa kú aráfẹ́rakù. Ó kù díẹ̀ kí n dá a lóhùn pé a ò ní rí irú ẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ọ̀fọ̀ ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́ lọ́dún náà. Bàbá ọkọ mi ló ṣaláìsí. Ìyá, ìyẹn ìyá ọkọ mi, parí opó, àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn túká, ó wá ku Ìyá nìkan sínú yàrá wọn ní agbo ilé, nínú Ìlọrin àtijọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ọmọ ilé ti kó lọ sí ilé tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilé ńlá wá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀, Ìyá yọ̀ ṣubú nídìí kànga. Kò sẹ́ni tó gbọ́ igbe wọn, àfìgbà tí ẹnì kan yà wọlé láti wá pọn omi àlùwàlá. Orúnkún wọn ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Oorun dá lójú ọkọ mi. Ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa ní Fate, àdúgbò tiwa nínú Ìlọrin. Èmi náà kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n, kì í sì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ojú ayé. Mo ní ọmọ kan tó ń sáré, mo ní òmíràn lọ́mú, ọkọ mi sì ń wọkọ̀ lọ sí Malete láràárọ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo fẹ́ràn Ìyá. Àwọn ló wẹ ọmọ mi méjèèjì nígbà tí mo bí wọn, tí wọ́n tún ń fi omi gbígbóná jó èmi fúnra mi títí tí mo fi ń sá pamọ́ fún wọn.

Ìyá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wa tán, wọ́n ní:

"Màá wá wò ó. Bí ara mi bá gbà á, n ó jókòó. Bí ara mi ò bá gbà á, ẹ ó dá mi padà sí yàrá mi, ẹ ò sì ní bá mi jà."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn o. Bí ilé wa bá bá wọn lára mu, a ti gbà wọ́n lọ́wọ́ kànga yẹn. Bí kò bá bá wọn lára mu, a ó máa tẹjú mọ́ fóònù nígbàkígbà tí òjò bá ṣú.

Ẹlòmíràn tó bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, á ra ẹní tuntun, á gbálẹ̀ ilé. Ọkọ mi ní tirẹ̀, olùkọ́ ni, ó gbà pé gbogbo nǹkan ló ní onímọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ti fi fọ́tò pálọ̀ tirẹ̀ hàn án lórí fóònù, pálọ̀ tó dà bí inú báńkì. Láti ọjọ́ náà ni àga tiwa ti di ohun ìtìjú lójú rẹ̀. Àga tó ti ń sùn lé lórí láti ìgbà tó ti fẹ́ mi, ó wá ń rìn yí i ká bí ẹni tó rí ejò.

Báyìí la ṣe gbé dísáínà wọlé. Ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, iṣẹ́ wọn ni láti bá èèyàn tún inú ilé tò, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n bá ọ yan àga àti kọ́tìnì, kí wọ́n sì jẹ́ kó yé ọ pé ohun tí o fẹ́ràn kò dára. Ọmọbìnrin dáadáa ni tiwa o, ará apá Ọ̀mù-Àrán. Ó ti gbé Àbújá rí, Àbújá náà ò sì tíì tán lẹ́nu rẹ̀. "Mọ́mì" ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ kan náà ni wá.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ kí pálọ̀ yìí máa sọ?"

"Kó máa sọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, má. Gbogbo yàrá ló ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí tiwa dákẹ́. Àwa tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí ti tó."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó tún bi mí pé kí ni ìtàn yàrá náà. Mo ní ibẹ̀ la ti ń jẹun, ibẹ̀ la ń da aṣọ tó bá gbẹ sí, ibẹ̀ ni mo ti ń ta híjáàbù fún àwọn obìnrin àdúgbò, ọmọ a sì máa tọ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kì í ṣe irú ìtàn tí òun ń bèèrè nìyẹn.

Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó bèèrè ìbéèrè kan tó ní láárí. Ó ní, "Màmá tó ń bọ̀ wá gbé, kí ni wọ́n fẹ́ràn?" Kí n tó lanu, ọkọ mi ti dá a lóhùn: "Màmá mi fẹ́ràn nǹkan tó dára." Ìdáhùn ọkùnrin nìyẹn. Obìnrin bí ọ, ó pọ̀n ọ́, ó ń fi wàrà ránṣẹ́ sí ọ títí di òní, ohun kan ṣoṣo tí o sì mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn nǹkan tó dára. Ta ni kò fẹ́ràn nǹkan tó dára? Dísáínà gbà á bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. "A ó ṣe kọ́nà kan fún Màmá," ó fi ọwọ́ ya kọ́nà náà sínú afẹ́fẹ́, ó sì parí síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kó àwọn páálí pẹlẹbẹ jáde, tí wọ́n kun ọ̀dà sí lójú, kí n lè yan àwọ̀. Mo wò wọ́n títí. Funfun ni gbogbo wọn.

"Rárá, Mọ́mì. Èyí, krímù ni. Èyí ni inú èèpo ẹyin. Èyí, iyanrìn etí òkun."

"Òkun wo? Odò Asà la ní níbí, iyanrìn tiẹ̀ ò sì rí báyìí."

"Ó máa ń tuni lára, má."

"Ọmọ tó ń fi ọwọ́ epo di ògiri mú kó tó dìde ńkọ́?"

"Ó ṣeé nù."

Gbogbo nǹkan ló ṣeé nù lẹ́nu dísáínà. Ẹni tó máa nù ún ni wọn kì í dárúkọ.

Ó wá kan àwọn abọ́ mi. Ìyá tó bí mi fi abọ́ tánganran, kúlà àti àwo lóríṣiríṣi sìn mí wá sílé ọkọ, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún ọmọ obìnrin ní Ìlọrin. Mo tò wọ́n lé ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì, wọ́n ń wo àlejò, àlejò ń wò wọ́n. A kì í fi wọ́n jẹun. Iyì ni wọ́n. Dísáínà dúró níwájú wọn, ó di ojú rẹ̀ bí ẹni tí oòrùn ràn sí.

"Mọ́mì, àwọn abọ́ yìí ń pariwo gan-an."

Mo wo àwọn abọ́, mo wò ó. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ, wọn ò tíì wúkọ́ rí."

"Ojú ni wọ́n ń pariwo sí, má."

A kó wọn lọ sí sítọ̀ọ̀. Ìyá mi pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bèèrè àlàáfíà gbogbo wa. Mi ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ abọ́.

Kí o tún máa retí eruku. Wọ́n ha ògiri, wọ́n gbẹ́ òkè àjà, a kó sínú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú sítóòfù àti àwọn ọmọ, a di àlejò nínú ilé ara wa. Bí mo bá bèèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, ó ní lọ́la. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀la télọ̀, ọ̀la dísáínà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kùnrin. Àga tó fi àwòrán rẹ̀ hàn wá pé láti Ítálì ni, káfíńtà kan ní Gárèèjì Ọ̀fà ló kàn án, ó sì kàn án dáadáa, kí Ítálì máa bẹ̀rù.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó ní ká bọ́ síta, ká dijú, kí òun fi fóònù ká wa sílẹ̀ bí a bá ṣe ń wọlé. Ọkọ mi dijú tọkàntọkàn. Èmi ṣí ọ̀kan sílẹ̀ nítorí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

Ó rẹwà, ẹ má bínú. Ó funfun, ó tutù, kò sí ohun kan tó kan èkejì. Ìwé tò lé ara wọn lórí tábìlì, aláwọ̀ eérú gbogbo wọn. Ọkọ mi tó jẹ́ olùkọ́ yára gbé ọ̀kan kó ṣí i. Páálí lásán ni, òfìfo, kò sí ìwé nínú ìwé. "Ti ọ̀ṣọ́ ni, Dádì," ni dísáínà wí. Ó rọra dá a padà bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá ẹni tó ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí ni ọba gbogbo rẹ̀. Ó ga láti òkè àjà dé ilẹ̀, ó gba ògiri ọ̀kánkán tán pátápátá. Ó ní á mú kí yàrá fẹ̀ lójú. Ó sì fẹ̀, ilé di méjì. Ọmọ mi rí ọmọ kan níbẹ̀, ó na bísíkíìtì sí i, ọmọ yẹn náà na tirẹ̀, kò sí ẹni tó gba ti ẹnì kejì, tèmi bú sẹ́kún.

Kò sí ìkankan nínú wa tó ronú nípa ògiri tí dígí yẹn wà lára rẹ̀. Mọ́sáláṣí ni ọkọ mi ti ń kírun. Èmi ń kí tèmi nínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ bá sùn sí.

Ìyá dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dúró, wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilẹ̀.

"Máṣàálláhù. Ó mọ́ bí ọsibítù."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà á sí oríyìn. Èmi tí mo jẹ́ obìnrin, ó yé mi.

A mú wọn lọ sí kọ́nà wọn. Àga kan wà níbẹ̀ tó jìn bí ọkọ̀ ojú omi, iná kan tẹ orí ba lókè rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, òdòdó oníke wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá jókòó. Àga gbé wọn mì. Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀.

"Ìyàwó mi."

"Ìyá."

"Ṣé dókítà ló ń bọ̀ ni?"

"Rárá o, Ìyá."

"Ẹ fà mí dìde nígbà náà."

A fà wọ́n dìde. Àkókò ìrun Àlàásárì tó, wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n bèèrè gábàsì, ìyẹn ibi tí à ń kọjú sí bí a bá ń kírun. Ọkọ mi na ìka, "Ibí yìí ni, Ìyá," ìka náà sì dúró sójú òfuurufú, nítorí ọkọ mi kejì nínú dígí ti na tirẹ̀ sí òun náà. Ìgbà yẹn gan-an la tó mọ ohun tí a ṣe. Nínú gbogbo ògiri tó wà nínú pálọ̀, ti gábàsì la gbé dígí sí.

 Ìyá tẹ́ ẹní, wọ́n dúró, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sétí. Ìyá arúgbó kan gbé tirẹ̀ sókè níwájú wọn, ó sì ń wò wọ́n lójú. Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí," wọ́n bá ọkọ mi sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ṣé èmi ni o fẹ́ kí n máa forí balẹ̀ fún?"

Wọ́n ká ẹní, wọ́n kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà láàárín ilé ìdáná àti àwọn yàrá, wọ́n sì kírun wọn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibẹ̀ ni wọ́n jí dé lọ́jọ́ kejì. Bí ọkọ mi bá ní, "Ìyá, pálọ̀, tiyín ni," wọ́n á ní, "Mo mọ̀. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe di onípálọ̀ tí ń gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níbẹ̀ ni Ìyá ti ń fa tẹ̀sùbáà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bá mi yọ èèpo ẹ̀wà, níbẹ̀ ni àwọn ọmọ mi náà kó lọ, nítorí ibi tí Ìyá bá wà ni ilé wọn. Àwọn obìnrin agbo ilé wá kí wọn. Wọ́n gba pálọ̀ kọjá bí ẹni tó ń gba oko olóko, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn, wọ́n wá tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúnkún kan orúnkún, mo sì ń dá wọn kọjá pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. Àbúrò Ìyá obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, yíjú sí mi:

"Ìyàwó, ṣé ẹ ti ta pálọ̀ yẹn ni, àbí oníbàárà ni ẹ ń retí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má bàa sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ń ṣú, mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú aṣọ tí mo ká, mo gbọ́ tí Ìyá ń bá àbúrò wọn yìí sọ̀rọ̀ lórí fóònù. "Ilé náà dára, mi ò rí àbùkù kankan. Àwọn ọmọ náà ń ṣe dáadáa sí mi. Àmọ́ ilé àlejò ni. Bá mi ṣí fèrèsé yàrá mi kí atẹ́gùn wọ ibẹ̀. N ò ní pẹ́."

Mo dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Kànga yẹn ni mo ń wò lójú ọkàn mi, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó yí i ká. Mo wọ yàrá, mo fa bẹ́ẹ̀dìṣíìtì wa tó tóbi jù lọ yọ, mo gun àga, mo fi bo dígí látòkè délẹ̀. Ìyá yọjú.

"Ìyàwó mi, ta lo fẹ́ sin?"

Mo wẹ̀yìn wò. Aṣọ funfun gbalaja lára ògiri funfun. Mo fà á sílẹ̀.

Mo pe dísáínà. Mi ò pe ọkọ mi kọ́kọ́. Mo ní kó wá gbé dígí rẹ̀. Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ rí bíi ti ẹni tí wọ́n ní kó gé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Mọ́mì, dígí yìí ni ọkàn yàrá yìí. Bí a bá yọ ọ́, gbogbo ẹ̀ bàjẹ́."

"Jẹ́ kó bàjẹ́."

"Ṣé Màmá ò wá lè máa kọjú sí ibòmíràn ni? Díẹ̀ báyìí, sápá ibi tí tẹlifíṣọ̀n wà?"

 Ọkọ mi wo àwọn ìwé òfìfo rẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín tí Ìyá ò tíì rín láti ìgbà tí wọ́n ti parí opó. Wọ́n di ògiri mú, wọ́n jáde sí wa, wọ́n ṣì ń nu ojú.

"Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ dára, mo rí i. Ṣùgbọ́n bá mi sún Mẹ́kà sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, kí dígí rẹ lè ráyè."

Ọmọbìnrin náà bo ẹnu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá. Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó rò ó ni." Àbújá kúrò lẹ́nu rẹ̀ lójú wa níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ó ku ẹ̀bẹ̀ kan tó bẹ̀ wá: kí a tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí òun ya fọ́tò pálọ̀ náà fún àwọn tó ń wo iṣẹ́ òun lórí fóònù. A ní kó yà á. Kò rọrùn, nítorí níbikíbi tó bá dúró, a wà nínú dígí.

"Dádì, ẹ sún sẹ́yìn. Mọ́mì, mo ṣì ń rí yín. Ọmọ yẹn ńkọ́? Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń rí gèlè yín."

Ó lé gbogbo wa síta kó tó rí fọ́tò tó wù ú. Ẹ lè rí i níbi tó gbé e sí: ilé wa nìyẹn, láìsí wa nínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ti yọ dígí, tí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí àwọn oníbàárà mi ti ń wo híjáàbù lára báyìí, dísáínà bi Ìyá léèrè ohun tí kò bi wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. "Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń jókòó nílé?"  Ìyá lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tó kọjú sí ilẹ̀kùn, wọ́n rọra sọ̀kalẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ. Láti ibẹ̀, wọ́n ń rí ẹni tó bá wọlé kí ẹni náà tó rí wọn.

Wọ́n gbé àga tó jìn yẹn kúrò. Ìyá tẹ́ ẹní oníke wọn, aláwọ̀ ewé tó ní pupa láàárín. Mo rí i tí dísáínà dá itọ́ mì.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá ẹní tó jẹ́ krímù."

"Èyí ò tíì ya," ni Ìyá wí.

Kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ń dúró. Ẹ̀rù ń ba ọkọ mi, ó ń ba èmi náà. A kàn ń rìn yí ọ̀rọ̀ náà ká, à ń se oúnjẹ, à ń kí ara wa. Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Mo wà nídìí ẹ̀rọ omi ní ilé ìdáná, mo ń fọ abọ́. Ìyá wà ní pálọ̀, ọmọ ọwọ́ ń sùn lórí ojúgun wọn, wọ́n gbé fóònù sétí. Nígbà tí mo gbọ́ pé àbúrò wọn ni, mo ti ẹ̀rọ omi pa.

"Ọmọ rẹ ọkùnrin tó fẹ́ gbé ìyàwó, ṣé ó ti rí yàrá? ... Sọ fún un kó má wá a mọ́, kó gba tèmi. ... Rárá, mo ní kó gbà á, mi ò ní kó yá a. ... Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ pààrọ̀ páànù òrùlé tó wà lápá ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kó tó gbé ọmọ ọlọ́mọ wọ ibẹ̀ o. Ó ń jò. Ó ti pẹ́ tó ti ń jò, mi ò kàn sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí ni."